Òrùka Tó Wọ Agolo

Ògiri pákó kan ṣoṣo ló pààlà láàárín ẹ̀gbọ́n àti àbúrò. Ẹ̀gbọ́n ń ṣiṣẹ́ wúrà lápá ọ̀tún, àbúrò ń jó irin lápá òsì, pákó náà sì fẹ́lẹ́ débi pé bí ọ̀kan bá sín, èkejì á kí i pẹ̀lẹ́. Ogójì ọdún ni wọ́n ti wà bẹ́ẹ̀, àríyànjiyàn kan náà ni wọ́n sì ti ń bá bọ̀ láti ọjọ́ tí wọ́n ti gba kọ́kọ́rọ́ ṣọ́ọ̀bù: nínú wúrà àti irin, èwo ni ọ̀gá?

"Ẹ̀gbọ́n," àbúrò á ké láti òdìkejì, "ilé ta lẹ ti rí tí wọ́n fi wúrà ṣe géètì?"

"Ìyàwó ta lo ti rí tó fi irin sétí?" ni ẹ̀gbọ́n á dá a lóhùn.

Bàbá Oníwúrà ni àdúgbò ń pe ẹ̀gbọ́n, Bàbá Onírin ni wọ́n ń pe àbúrò. Bàbá Oníwúrà jẹ́ oníwà pẹ̀lẹ́. Ó ń rọra sọ̀rọ̀, ó ń rọra rìn, kò sì sí ohun tí ènìyàn lè sọ tí yóò mú un gbaná jẹ, àfi kí wọ́n bú wúrà lójú rẹ̀. Ohun tí àbúrò rẹ̀ sì ṣe gan-an nìyẹn lọ́jọ́ Alámìsì kan. Ọmọge kan wà ní ṣọ́ọ̀bù, ó ti fi ẹ̀gbà ọwọ́ kan sọ́wọ́, ó ń yí i wò, ó kù díẹ̀ kó rà á, ni Bàbá Onírin bá ké láti ẹ̀yìn pákó pé, "Ẹ rọra mú un o, ó rọ̀ bí àbẹ́là." Ọmọge náà bú sẹ́rìn-ín, ó bọ́ ẹ̀gbà sílẹ̀, ó ní òun ń bọ̀. Ẹ̀yin náà mọ irú "mò ń bọ̀" bẹ́ẹ̀.

Bàbá Oníwúrà dá ẹ̀gbà náà padà sípò rẹ̀. Ó kàn fi sínú pé láti ọjọ́ náà lọ, òun kò ní tọrọ ohunkóhun lọ́wọ́ onírin mọ́, ìbáà ṣe ìṣó. Wàhálà tí mo fẹ́ ròyìn rẹ̀ bẹ̀rẹ̀ látibẹ̀, nítorí ohun kan wà tí ó gbọ́dọ̀ tọrọ.

Ilẹ̀ ṣọ́ọ̀bù wúrà kì í ṣe ilẹ̀ tí wọ́n ń gbá dànù. Lẹ́búlẹ́bú tó ń bọ́ lábẹ́ fáìlì tó fi ń ha wúrà, ẹ̀rún ṣéènì tó já, yẹtí kan tí èkejì rẹ̀ sọnù, gbogbo rẹ̀ ni Bàbá Oníwúrà ń fi búrọ́ọ̀ṣì kékeré gbá jọ láti orí awọ tó tẹ́ sórí itan, tó sì ń dà sínú agolo mílíìkì kan. Ní Sátidé àkọ́kọ́ nínú oṣù, á da agolo náà sórí ìwé ìròyìn, á tẹ́ ẹ fẹ̀, á fi òòfà rìn lórí rẹ̀ jẹ́jẹ́, kí òòfà lè fa gbogbo ẹ̀rún irin tó ti bá atẹ́gùn gba ihò pákó wọlé láti ọ̀dọ̀ àbúrò. Irin díẹ̀ nínú wúrà lè ba iṣẹ́ jẹ́. Lẹ́yìn náà ni yóò ṣẹ̀ṣẹ̀ yọ́ ọ. Òòfà yìí kì í sì í ṣe tirẹ̀. Ti Bàbá Onírin ni, ẹ̀yìn ẹ̀rọ gbohùngbohùn àtijọ́ kan ló ti yọ ọ́.

Ní ọjọ́ Ìṣẹ́gun ọ̀sẹ̀ yẹn kan náà, kí ìjà àbẹ́là tó dé, ìyàwó Bàbá Oníwúrà ti fi ọṣẹ bọ́ òrùka ìgbéyàwó rẹ̀. Aránṣọ ni. Ìka rẹ̀ ti ń wú díẹ̀díẹ̀ láti bí ọdún méjì, òrùka sì ti ń fún un. Láti ogójì ọdún, òrùka náà kò kúrò lọ́wọ́ rẹ̀ rí.

"Ẹ bá mi fẹ̀ ẹ́ díẹ̀," ló wí. "Sátidé la máa ya fọ́tò, aago mẹ́rin. Mi ò fẹ́ kí wọ́n ya ogójì ọdún kí ìka mi ṣófo."

"Ọwọ́ mi ló wà," ni ọkọ rẹ̀ dá a lóhùn. "Kò lè sọnù."

Òrùka náà kò dára, ẹ jẹ́ ká sọ òótọ́. Òun ni àkọ́kọ́ tí Bàbá Oníwúrà dá ṣe lẹ́yìn tó kúrò lọ́dọ̀ ọ̀gá rẹ̀. Ibi tó ti ń fi òòlù yí i po lọ́jọ́ náà, tí kò jẹ́ kí ẹnikẹ́ni mọ̀ nípa rẹ̀, ni ọmọbìnrin aránṣọ kan tí òun fúnra rẹ̀ ti ń wò lókèèrè láti oṣù mẹ́fà yọ sí ẹnu ọ̀nà láìròtẹ́lẹ̀. "Ẹ kú iṣẹ́ o," ló wí. "Ta ni ẹ ń ṣe ìyẹn fún?" Ọwọ́ ọ̀dọ́mọkùnrin náà yẹ̀, òòlù já lu ẹ̀gbẹ́ òrùka, ibẹ̀ sì di pẹlẹbẹ. Gbogbo ọ̀rọ̀ dídùn tó ti ń kọ́ sórí láti oṣù mẹ́fà fò lọ. "Ìwọ ni" nìkan ló rí sọ. Bí wọ́n ṣe di tọkọtaya nìyẹn. Nígbà tó yá, ó fẹ́ tún ibi pẹlẹbẹ náà ṣe, ìyàwó kọ̀ jálẹ̀, ó ní òun ti rí ìlò rẹ̀. Bó bá ká etí aṣọ, ibi pẹlẹbẹ yẹn ló máa ń fà kọjá lórí rẹ̀ kó tó rán an, etí aṣọ á sì dúró régé bí ẹni pé wọ́n fi áyọ́ọ̀nù tẹ̀ ẹ́.

Níbo wá ni ènìyàn ń fi irú òrùka bẹ́ẹ̀ pamọ́ sí? Kì í ṣe dúrọ́ọ̀ tó ń kó ẹrù oníbàárà sí, nítorí nǹkan ti ṣìpò níbẹ̀ rí. Kì í ṣe àpò, nítorí àpò ọkùnrin náà ti lu láti ọjọ́ pípẹ́. Bàbá Oníwúrà wò yíká, ojú rẹ̀ sì bọ́ sórí agolo mílíìkì. Kò sí ẹlòmíràn tó ń fọwọ́ kàn án. Olè tó bá ṣí i á rò pé ìdọ̀tí ni. Ó fi bébà di òrùka, ó rì í sínú lẹ́búlẹ́bú, ó dé e, ó sì yin ara rẹ̀ fún ọgbọ́n. Lọ́jọ́rú iṣẹ́ pọ̀. Lọ́jọ́ Alámìsì ni ọ̀rọ̀ àbẹ́là ṣẹlẹ̀, ìbínú ọjọ́ náà sì gbá gbogbo ohun tó wà lọ́kàn rẹ̀ dànù.

Láàárọ̀ Sátidé, ó mú agolo, ó wo ògiri pákó, ó ń gbọ́ tí àbúrò rẹ̀ ń súfèé lódìkejì. Ẹsẹ̀ rẹ̀ kò gbé e lọ. "Oṣù kan ṣoṣo láìsí òòfà kò lè pa mí," ló wí sínú. Nítorí náà kò tẹ́ ìwé ìròyìn. Ó da agolo sínú ago amọ̀ tààrà, ó bu ìyẹ̀fun funfun tó ń kó ìdọ̀tí lé e lórí, ó tan iná gáàsì sí i. Bébà kan jó fàà nínú rẹ̀, ó rò pé ìwé ilẹ̀ ni. Wúrà pọ́n, ó sún jọ, ó di omi, Bàbá Oníwúrà sì dà á sínú irin oníkòtò.

Nígbà tó tutù, ó gbé e sórí ìwọ̀n, ìwọ̀n sì fi bí gíráàmù márùn-ún ju ti oṣù yòókù lọ. Inú rẹ̀ kọ́kọ́ dùn. Ó ní oṣù yìí mà dára o. Ó ti ń rẹ́rìn-ín músẹ́ kó tó rántí òrùka. Ó tún agolo ṣí, bí ẹni pé òrùka lè ti rọ̀ mọ́ ìsàlẹ̀ rẹ̀. Agolo mọ́ fóó.

Ó jókòó. Wúrà tó wà níwájú rẹ̀ kò tóbi ju àtàǹpàkò lọ, ṣùgbọ́n lẹ́búlẹ́bú iṣẹ́ bí ogún ènìyàn wà nínú rẹ̀, yẹtí kan tó ti pàdánù ìkejì rẹ̀ wà nínú rẹ̀, eyín wúrà ọ̀gá ilé ìwé kan tó ti kú, tí ọmọ rẹ̀ mú wá tà, náà wà níbẹ̀. Òrùka ìyàwó rẹ̀ wà láàárín wọn, kò sì sí ọgbọ́n tí ẹnikẹ́ni lè dá láti ṣà á jáde.

Ibẹ̀ ni Bàbá Onírin bá a sí. Ó gba ẹnu ọ̀nà wọlé, ó fi ọwọ́ méjèèjì di òòfà mú bí ẹni gbé àwo.

"Ẹ̀gbọ́n, ẹ jọ̀ọ́, ẹ má bínú. Láti àárọ̀ ni mo ti ń retí pé ẹ máa wá gba òòfà. Nígbà tí mi ò rí yín, mo mọ̀ pé ọ̀rọ̀ yẹn ṣì ń dùn yín. Òun rèé, mo gbé e wá fúnra mi."

Bàbá Oníwúrà wo òòfà, ó wo wúrà. "O pẹ́ kó o tó dé," ló wí, ó sì ròyìn gbogbo rẹ̀ fún un.

Bàbá Onírin fa àpótí kan, ó jókòó, kò sì fi ọ̀rọ̀ náà ṣe àwàdà. Ìyẹn gan-an ló tún dẹ́rù ba ẹ̀gbọ́n, nítorí kò rí irú rẹ̀ rí.

"Kí lẹ máa wá wí fún ìyàwó wa?"

"Mi ò ní wí nǹkan kan. Màá ṣe òmíràn. Aago mélòó ló lù?"

"Mọ́kànlá ku díẹ̀."

"Ó tó. Màá ṣe é, á fi sọ́wọ́, a máa ya fọ́tò."

"Irọ́ nìyẹn o, Ẹ̀gbọ́n."

"Irọ́ kọ́. Ṣé mo ní mo fẹ́ sọ̀rọ̀ ni?" Bó ṣe wí bẹ́ẹ̀, ojú ti í. Nínú ogójì ọdún, kò fi ohunkóhun pamọ́ fún ìyàwó rẹ̀ rí, yàtọ̀ sí ìgbà kan tí eyín ń dùn ún tí kò fẹ́ lọ sọ́dọ̀ dókítà.

Ọmọ wọn obìnrin dé bí aago méjìlá. Ilé ẹ̀kọ́ gíga ló ti ń ṣiṣẹ́, ìmọ̀ ìràwọ̀ ló ń kọ́ àwọn akẹ́kọ̀ọ́ níbẹ̀, bàbá rẹ̀ sì ń fi tayọ̀tayọ̀ pè é ní Olùkọ́ bí ẹni pé orúkọ tí wọ́n sọ ọ́ nìyẹn. Ó ti wọ aṣọ fọ́tò. Ó bá bàbá rẹ̀ níbi tó ti ń fi ẹ̀rọ tẹ wúrà di ọ̀pá tẹ́ẹ́rẹ́, ó bá Bàbá Onírin, Bàbá Kékeré rẹ̀, tó jókòó sí ṣọ́ọ̀bù wúrà pẹ̀lú òòfà lórí itan. Kò sí ẹni tó ń jiyàn nínú wọn.

"Ta ló kú?" ló bi wọ́n.

"Kò sẹ́ni tó kú," ni àwọn méjèèjì wí pa pọ̀.

Ó fura, ṣùgbọ́n ó jókòó. Ẹnu Bàbá Onírin kì í sì í gbé ibì kan pẹ́. "Oníràwọ̀," ló wí, "o ti sọ ọ́ rí pé ọ̀dọ̀ ìràwọ̀ ni wúrà ti wá. Ṣàlàyé ẹ̀ fún bàbá ẹ. Ó ti ń rò ó láti àárọ̀."

"Tí mo bá fẹ́ sọ ti wúrà, mo gbọ́dọ̀ bẹ̀rẹ̀ láti orí irin."

"Mo mọ̀ bẹ́ẹ̀," ni Bàbá Onírin wí, ó sì na ẹsẹ̀.

"Ìràwọ̀ kì í jó bí igi ṣe ń jó," ni Olùkọ́ bẹ̀rẹ̀. "Ohun tó fúyẹ́ jù láyé, haidirojin, ló ń so mọ́ra wọn nínú rẹ̀ tó fi ń di hiliọmu. Ooru tó ń tibẹ̀ jáde ló ń gbé ìràwọ̀ ró kó má baà wó lu ara ẹ̀. Tí ìràwọ̀ náà bá tóbi gan-an, tí haidirojin sì tán láàárín ẹ̀, á bẹ̀rẹ̀ sí í sun hiliọmu, hiliọmu á di kabọnu. Á sun kabọnu náà. Á sun ọsijin. Bó ṣe ń lọ, ohun tó ń sun ń wúwo sí i, ó sì ń yára tán sí i. Ti àkọ́kọ́ lè gbà á ní mílíọ̀nù lọ́nà mẹ́wàá ọdún. Èyí tó kẹ́yìn, tó ń di irin, kì í ju ọjọ́ bíi mélòó kan lọ."

"Ó wá kan irin," ni Bàbá Onírin wí.

"Ó kan irin. Irin kò ṣe é sun, Bàbá Kékeré. Tí ìràwọ̀ bá fẹ́ so irin mọ́ irin, kò ní rí ooru kankan gbà níbẹ̀, òun gan-an ló máa ná ooru lé e lórí. Nǹkan tó ń gbé e ró ti tán nìyẹn. Àárín ìràwọ̀, tó fẹ̀ tó ilé ayé wa yìí, á wó sínú, á rún di ohun tí kò fẹ̀ ju ìlú kan lọ. Kò ní gbà tó ìṣẹ́jú àáyá kan."

Bàbá Oníwúrà gbójú sókè láti ìdí ẹ̀rọ. "Irin ló pa ìràwọ̀," ló wí. Inú rẹ̀ dùn fún ìgbà àkọ́kọ́ láti àárọ̀. "Ogójì ọdún ni mo ti ń sọ fún un pé irin kò dáa."

"Ẹ jẹ́ kí n parí. Ara ìràwọ̀ yòókù á bú gbàmù. Ó lè tàn fún ọ̀sẹ̀ mélòó kan ju ọ̀kẹ́ àìmọye ìràwọ̀ tó yí i ká lọ. Níbi tí nǹkan bá ti le tó bẹ́ẹ̀, àwọn èérún kan wà tí à ń pè ní nítúróònù, wọ́n á máa rọ́ lu irin àti àwọn ìyekan ẹ̀, wọ́n á máa wọnú ẹ̀. Ọ̀kan ò ní tíì jókòó kí òmíràn tó dé, títí tó fi máa wúwo kọjá irin. Nígbà tí ara ẹ̀ bá wá balẹ̀, òmíràn ti di fàdákà, òmíràn ti di òjé, òmíràn ti di wúrà."

Bàbá Onírin dìde dúró. Ó wo ẹ̀gbọ́n rẹ̀, ó wo ọmọ ẹ̀gbọ́n rẹ̀, ó sì rọra sọ̀rọ̀ kó má baà bà á jẹ́. "Ìyẹn ni pé wúrà jẹ́ irin tí wọ́n lù dáadáa."

Olùkọ́ rò ó. "Ẹ fẹ́rẹ̀ẹ́ gbà á."

"Ó fẹ́rẹ̀ẹ́ ló wí," ni Bàbá Oníwúrà wí.

"Mo gbọ́ ọ. Ó fẹ́rẹ̀ẹ́. Ó tó mi."

"Àwa náà ṣì ń jiyàn lé ti wúrà lórí," ni Olùkọ́ wí, ó ń rẹ́rìn-ín. "Ìràwọ̀ tó bú máa ń fi òkú ara ẹ̀ sílẹ̀, nǹkan kékeré tó wúwo kọjá sísọ. Nígbà míì òkú méjì á máa yí ara wọn po fún ọ̀pọ̀ mílíọ̀nù ọdún, títí wọ́n á fi forí gbárí. Àwọn tó ń wo ojú ọ̀run ti rí i tó ṣẹlẹ̀, wọ́n sì rí àmì àwọn nǹkan wúwo nínú ìmọ́lẹ̀ ẹ̀. Ọ̀pọ̀ nínú wa gbà pé ibẹ̀ ni èyí tó pọ̀ nínú wúrà ti wá. Ìbúgbàmù ni o, ìforígbárí ni o, ilẹ̀ ayé kò dá ẹyọ wúrà kan ṣe."

Bàbá Oníwúrà ń fi ọwọ́ ra ọ̀pá wúrà náà. Ó wá béèrè ohun tó ti fẹ́ béèrè láti àárọ̀.

"Bí èmi bá wá yọ́ ọ ńkọ́? Ṣé ó ṣì jẹ́ èyí tó jẹ́ tẹ́lẹ̀?"

"Iná tiyín? Bàbá mi, iná yín ò dé ibi tí wúrà ti lè mọ̀ pé ẹnì kan ń yọ òun lẹ́nu. Ó kàn ń mú un sún kiri ni. Tó bá tutù, òun náà ni, ẹyọ kan ò yí padà. Ó sì ti dàpọ̀ kí ayé tó wà rárá, kò sí wúrà tó jẹ́ ti ìràwọ̀ kan ṣoṣo. Òrùka Màmá gan-an, òkú ìràwọ̀ mélòó ló máa wà níbẹ̀?"

Àwọn ọmọ ìyá méjèèjì kò wo ojú ara wọn.

Ṣùgbọ́n ọkàn Bàbá Oníwúrà fúyẹ́. Ó ti rí ẹlẹ́rìí. Bí wúrà bá ti ń dàpọ̀ mọ́ra wọn kí ayé tó wà, kí ni eyín ọ̀gá ilé ìwé kan láàárín wọn? Ó bẹ̀rẹ̀ sí í kun orin sínú. Ó ká ọ̀pá wúrà náà po, ó jó ẹnu rẹ̀ pọ̀, ó gbé e wọ ọ̀pá òrùka, irin ṣóńṣó tí wọ́n fi ń yí òrùka po, ó fi òòlù yí i po, ó fi fáìlì ra á, ó fi aṣọ nù ún títí ó fi ń tàn. Ìwọ̀n ìka ìyàwó rẹ̀ ló fi ṣe é, ìka tó wú, kì í ṣe ti ogójì ọdún sẹ́yìn. Nínú gbogbo òrùka tó ti ṣe rí, kò sí èyí tó dára tó o. Ó gún, ó dọ́gba yíká, kò sí ibi tí ọwọ́ lè tọ́ka sí.

Ìyàwó rẹ̀ dé ní aago mẹ́ta kọjá díẹ̀, ó wọ aṣọ aláwọ̀ ewé tó fúnra rẹ̀ rán, ó gbé ẹ̀wù tí ọkọ rẹ̀ yóò wọ̀ lápá. Etí ọwọ́ ẹ̀wù náà kan ṣì kù tí kò tíì rán. Ó gba òrùka, ó fi sọ́wọ́, ó na ọwọ́ síwájú ara rẹ̀.

"Ó mà tàn o," ló wí. "Ẹ ṣeun."

Ó fa àga, ó ti òwú bọ abẹ́rẹ́, ó ká etí ọwọ́ ẹ̀wù, ó sì fa òrùka kọjá lórí rẹ̀ bó ti máa ń ṣe. Òrùka yọ̀. Ó tún un ṣe, ó tún yọ̀, etí aṣọ sì tú padà. Ó wá bẹ̀rẹ̀ sí í fi àtàǹpàkò yí òrùka náà lórí ìka, ó ń yí i, ó ń wá nǹkan.

"Òrùka mi dà?" ló béèrè. Kò gbé ohùn sókè.

Bàbá Oníwúrà la ẹnu, ìràwọ̀ ló sì ti ibẹ̀ jáde. Ó sọ ti haidirojin, ó sọ ti irin, ó gbé òkú ṣáájú ìbúgbàmù, ó ní wúrà ti ń dàpọ̀ tipẹ́tipẹ́, ó ní kò sí ti ẹnì kan nínú rẹ̀. Ìyàwó rẹ̀ fi abẹ́rẹ́ sẹ́nu, ó gbọ́ ọ tán. Lẹ́yìn náà ló yọ abẹ́rẹ́.

"Ẹ yọ́ ọ."

"Mo yọ́ ọ," ni Bàbá Oníwúrà wí. "Mo fi sínú agolo kó má baà sọnù, mo gbàgbé, mo sì yọ́ ọ. Mo fẹ́ fi pamọ́ fún ọ. Jọ̀ọ́, má bínú. Eyín wúrà ọ̀gá ilé ìwé kan tó ti kú tún wà nínú ẹ̀."

"Ẹ̀bi mi ni, ìyàwó," ni Bàbá Onírin wí. "Èmi ni mo mú un bínú tí kò fi wá gba òòfà."

"Ọkọ mi kékeré, ẹ dákẹ́ ná."

Ó ti wá yé Olùkọ́ ìdí tí wọ́n fi ní kí òun sọ̀rọ̀ tó bẹ́ẹ̀. "Màmá," ló wí, "kò sí ohun tó sọnù lóòótọ́. Wúrà inú ẹ̀ ṣì wà níbẹ̀, gbogbo ẹ̀."

"Mo gbọ́, ọmọ mi. Mi ò ní wúrà sọnù. Ṣé wúrà ni mo wọ̀ fún ogójì ọdún? Ibi tí ọwọ́ bàbá ẹ ti yẹ̀ ni mo wọ̀." Ó tẹjú mọ́ ẹ̀wù orí itan rẹ̀.

Inú Bàbá Oníwúrà bàjẹ́ ju bó ti bàjẹ́ láàárọ̀ lọ. Láàárọ̀, ó rò pé òrùka ni òun yọ́.

"Gbé e wá," ló wí. "Màá lu ibẹ̀ fún ọ."

Ó gbé e wọ ọ̀pá òrùka, ó fi òòlù lù ú lẹ́ẹ̀kan. Ìyàwó rẹ̀ wò ó, ó mi orí. Ibi pẹlẹbẹ náà dọ́gba, etí rẹ̀ mú, bí ohun tí wọ́n fi rúlà wọ̀n. "Ẹ mọ̀ọ́mọ̀ ṣe èyí ni," ló wí. Bàbá Oníwúrà tún un yí po, ó dẹ ọwọ́, ó yíjú sẹ́gbẹ̀ẹ́, ó lù ú, ó tún dọ́gba. Lẹ́ẹ̀kẹta, ó di ojú pátápátá. Èyí tún wá dára jù. Ọwọ́ rẹ̀ ti mọ iṣẹ́ jù, kò rántí bí wọ́n ṣe ń ṣì í mọ́, òógùn sì bò ó níwájú orí. Bàbá Onírin ní òun lè bá wọn lù ú, ẹ̀gbọ́n rẹ̀ kò fi òòlù sílẹ̀.

Aago mẹ́ta ààbọ̀ lù. Ìyàwó gbé ẹ̀wù sílẹ̀, ó mú àpamọ́wọ́ rẹ̀, ó sì jáde kúrò nínú ṣọ́ọ̀bù.

Olùkọ́ fẹ́ tẹ̀ lé e, Bàbá Onírin dì í lọ́wọ́ mú. Bàbá Oníwúrà kò gbójú sókè. Ó gbà pé ìyàwó òun ti lọ sílé, pé kò sí fọ́tò mọ́, bẹ́ẹ̀ ni kò mọ ohun mìíràn tó lè ṣe ju kó tún gbìyànjú. Ó yí òrùka náà po lẹ́ẹ̀kan sí i títí ó fi gún. Ó gbé òòlù sókè.

"Ẹ kú iṣẹ́ o," ni ẹnì kan wí lẹ́nu ọ̀nà.

Ìyàwó rẹ̀ ló dúró síbẹ̀, oòrùn wà lẹ́yìn rẹ̀, àpamọ́wọ́ kọ́ ọ lápá, ó fi èjìká kan ti férémù ilẹ̀kùn bí ọmọbìnrin tí kò ní pẹ́ lọ.

"Ta ni ẹ ń ṣe ìyẹn fún?"

Òòlù já. Ó lu ẹ̀gbẹ́ òrùka, ó sì ta lọ sórí ilẹ̀. Bàbá Oníwúrà kò wo òrùka, kò wo òòlù. Gbogbo ọ̀rọ̀ ìràwọ̀ tó kọ́ lọ́jọ́ náà fò lọ.

"Ìwọ ni," ló wí.

Ìyàwó rẹ̀ wọlé, ó bọ́ òrùka kúrò lórí ọ̀pá fúnra rẹ̀, ó fi sọ́wọ́. Ibi tí òòlù bà wọ́ díẹ̀, ó fẹ̀ lápá kan ju apá kejì lọ. Ó ká etí ọwọ́ ẹ̀wù, ó fa òrùka kọjá lórí rẹ̀, etí aṣọ sì dúró.

"Ẹ ṣáà rí i pé irin ni òòlù," ni Bàbá Onírin wí láti orí àpótí.

"Irin ni," ni Bàbá Oníwúrà wí.

Ìyàwó rẹ̀ rán etí ọwọ́ náà lórí ìdúró, ó fi eyín gé òwú, ó sì ní kí ọkọ òun tètè wọ ẹ̀wù, aago mẹ́rin ti fẹ́rẹ̀ẹ́ lù.